Ẹ̀pà, Kajú àti Àsálà: Ohun tí Wọ́n Lè Ṣe fún Ọkàn Ènìyàn

Ní Ṣàngó, ní apá Kúléndé ní ìlú Ìlọrin, níbi tí àwọn ọkọ̀ tí ó ń ti ọ̀nà Jẹ́bbà bọ̀ ti ń já èrò sílẹ̀, ó ṣòro kí ènìyàn tó wá ẹ̀pà rà kí ó má rí i. Òmíràn wà nínú ìgò, òmíràn wà nínú ọ̀rá kékeré tí a so lẹ́nu, òmíràn sì wà nínú àwo pẹ̀lú èèpo rẹ̀, tí ooru ṣì ń rú lára rẹ̀. Bí àsìkò kajú bá dé, kajú yíyan a wà lórí àtẹ. Bí òjò bá sì ti fìdí múlẹ̀, àsálà sísè a gba ipò tirẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ó ń ra àwọn nǹkan wọ̀nyí kò kà wọ́n sí ju ìpanu lọ, ohun tí a ń jẹ kí oúnjẹ gidi tó délẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń fi ojú mìíràn wo ìpanu yìí. Wọ́n ní ó ní iṣẹ́ tí ó lè ṣe fún ọkàn ènìyàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ òótọ́ náà ní ààlà, ẹni tí kò bá sì mọ ààlà rẹ̀ lè fi oúnjẹ rere ṣe ara rẹ̀ ní ibi.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ọkàn fi kan gbogbo ilé

Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, tọ̀sán tòru, láìsinmi. Inú iṣan ni ẹ̀jẹ̀ yìí ń gbà kọjá. Ọkàn fúnra rẹ̀ náà ní iṣan tirẹ̀ tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un kí ó lè rí agbára ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rá bá ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan wọ̀nyí láti inú wá, díẹ̀díẹ̀ ni ojú ọ̀nà yóò máa fún. Bí ọ̀nà náà bá dí pátápátá lọ́jọ́ kan, apá kan lára ọkàn kò ní rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí kú. Bí ó bá jẹ́ iṣan tí ó lọ sí ọpọlọ ni ó dí tàbí tí ó bẹ́, àrùn rọpárọsẹ̀ ni ó máa ń tẹ̀ lé e.

Ohun mìíràn tí ó ń ba iṣan jẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìfúnpá gíga. Àìsàn yìí kì í pariwo. Ẹni tí ó ní i lè máa lọ sí ọjà, kí ó máa wa ọkọ̀, kí ó máa jó níbi ìyàwó, kí ó má mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbé, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ olórí Yunifásítì Ìlọrin nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1975, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ọjọ́ ayé wọn ṣe ìwádìí lórí àìsàn yìí. Òun ni ó darí ìgbìmọ̀ tí ó wádìí rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé nínú ènìyàn 100 tí ó ti tó ọmọ ọdún 15 sókè, ó lé ní 11 tí ẹ̀jẹ̀ wọ́n ń ru. Ìwọ̀n 160 lórí 95 ni wọ́n sì fi ṣe ààlà nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ 140 lórí 90 tí àwọn dókítà ń lò lẹ́yìn náà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, iye náà ìbá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí fi hàn gbangba pé ọ̀rọ̀ ọkàn àti iṣan kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tàbí ti olówó nìkan. Ó kan oníṣòwò, ó kan awakọ̀, ó kan olùkọ́ àti àgbẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú ẹ̀pà

Ẹ̀pà kún fún ọ̀rá. Bí a bá wọn ẹ̀pà 100 gíráàmù, nǹkan bí 49 nínú rẹ̀ ni ọ̀rá. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè béèrè pé báwo ni ohun tí ó lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀ ṣe wá lè ṣe ọkàn ní rere, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rá náà ni ó ń dí iṣan. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀rá kì í ṣe irú kan ṣoṣo.

Ìyàtọ̀ yìí hàn sí gbogbo ilé ìdáná ní Ìlọrin bí ọyẹ́ bá mú. Òróró àgbọn a dì gbagidi nínú ìgò, ọ̀rá ẹran a sì dì sí ojú ọbẹ̀ tí a kò tíì gbé kaná. Ṣùgbọ́n òróró ẹ̀pà yóò ṣì máa ṣàn. Ọ̀rá tí ó máa ń dì yìí, bí a bá ń jẹ ẹ́ lájẹjù, a máa jẹ́ kí ohun tí a ń pè ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá irú rẹ̀ tí a mọ̀ sí LDL, èyí tí ó ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan. Ọ̀rá tí ó máa ń ṣàn, bí ó bá gba ipò èyí tí ó ń dì nínú oúnjẹ, a máa dín LDL yìí kù. Nínú ọ̀rá 49 gíráàmù tí ó wà nínú ẹ̀pà, èyí tí ó jẹ́ irú tí ń dì kò pé 7. Irú tí ń ṣàn ni ó pọ̀ jù nínú ìyókù.

Yàtọ̀ sí ọ̀rá, nǹkan bí 26 gíráàmù nínú ẹ̀pà 100 gíráàmù jẹ́ èròjà tí ń mú ara dàgbà, irú èyí tí ó wà nínú ẹran àti ẹ̀wà. Nǹkan bí 8 sí 9 gíráàmù ni fọ́nrán, èyí tí kì í tètè dà nínú ikùn, tí ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn tètè yó. Ẹ̀pà tí a kò fi nǹkan kan sí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀ kankan nínú. Ó yẹ kí á fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé yóò tún jẹ yọ níwájú.

Ẹ̀rí tí àwọn onímọ̀ rí

Kò yẹ kí á gba ọ̀rọ̀ oúnjẹ gbọ́ nítorí pé ẹnìkan sọ ọ́ nìkan. Ó yẹ kí á béèrè ẹ̀rí. Ẹ̀rí tí ó kọ́kọ́ mú kí ayé fetí sí ọ̀rọ̀ yìí wá láti ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1992. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Loma Linda tọ́pasẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ Adventist Ọjọ́ Keje tí ó lé ní 31,000. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó ń jẹ irú èso báyìí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn ọkàn lára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní 1998, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde lórí àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tí ó lé ní 86,000, òun náà sì tọ́ka sí ọ̀nà kan náà.

Ṣùgbọ́n alátakò lè sọ pé àwọn tí ó ń jẹ èso wọ̀nyí lè jẹ́ àwọn tí kì í mu sìgá, tí ó ń rìn dáadáa, tí ó sì ń tọ́jú ara wọn ní ọ̀nà mìíràn. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè Spéènì fi pín àwọn ènìyàn 7,447 sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Gbogbo wọn ni ó ti wà nínú ewu àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún ọ̀wọ́ kan ní èso bíi almond àti walnut, 30 gíráàmù lójúmọ́. Wọ́n fún èkejì ní òróró ólífì. Wọ́n sì gba ẹ̀kẹta nímọ̀ràn pé kí wọ́n dín ọ̀rá kù. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013. Wọ́n rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe pín àwọn kan lára àwọn ènìyàn náà, wọ́n fa ìwé náà sẹ́yìn, wọ́n tún gbogbo ìṣirò rẹ̀ ṣe, wọ́n sì tún un gbé jáde ní 2018. Èsì náà kò yí padà púpọ̀: nínú àwọn tí ó jẹ èso náà, àrùn ọkàn òjijì, rọpárọsẹ̀ àti ikú tí ó ti ara wọn wá dín ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100.

Ní 2010 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ kó àbájáde ìdánwò 25 pọ̀ láti orílẹ̀-èdè méje. Àwọn tí ó ń jẹ nǹkan bí 67 gíráàmù lójúmọ́ rí i pé LDL inú ẹ̀jẹ̀ wọn dín ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Oògùn tí dókítà ń fún ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ náà lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n fún ohun tí ó jẹ́ oúnjẹ lásán, kò kéré.

Ṣé ẹ̀pà ọjà wa ni wọ́n ń sọ?

Ìbéèrè pàtàkì ni èyí fún ẹni tí ó ń gbé ní Ṣàngó. Almond àti irú walnut tí wọ́n fún àwọn ará Spéènì, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó wọn wá. Owó tí ènìyàn yóò fi ra ọ̀rá kékeré kan nínú wọn lè ra ẹ̀pà tí gbogbo ilé yóò jẹ fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn tí ó mọ ewéko sì tún máa ń sọ pé ẹ̀pà kì í ṣe ẹbí àwọn èso igi wọ̀nyẹn rárá, pé ẹ̀wà ni ó bá tan. Òótọ́ ni: inú ilẹ̀ ni ẹ̀pà ti ń so, mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà sì ni.

Síbẹ̀, ìwádìí kan tí ó jáde ní 2015 dá olówó kékeré láre. Ó kó àwọn ènìyàn tí ó lé ní 200,000 pọ̀: àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí owó tí ń wọlé fún wọn kò pọ̀, àti àwọn ará ìlú Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹ̀pà ni ó kó ipa tí ó pọ̀ nínú irú èso tí wọ́n ń jẹ. Àwọn tí ó ń jẹ ẹ́ jù nínú wọn, ikú láàárín wọn fi nǹkan bí ìdá 17 sí 21 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí ó ń jẹ ẹ́ kéré jù. Nítorí náà, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa yá owó ra èso òkè òkun nítorí ọkàn rẹ̀. Ẹ̀pà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà tó.

Kajú náà dára, àwọn ará Kwara àti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì mọ iyì rẹ̀. Irú ọ̀rá tí ń dì tí ó wà nínú rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti ẹ̀pà lọ. Nítorí èyí ni àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kò fi kà á mọ́ àwọn tí ó gbà kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọkàn sí ara páálí wọn ní 2003. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ sá fún kajú.

Ní ti àsálà, tí àwọn mìíràn ń pè ní àwùsá, ìkìlọ̀ kan wà. Walnut ni a ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kì í ṣe igi walnut ti àwọn òyìnbó. Orúkọ ni ó pa wọ́n pọ̀. Oúnjẹ tí ó dára ni àsálà, irú ọ̀rá tí ń ṣàn sì pọ̀ nínú òróró rẹ̀, àmọ́ a kò gbọ̀dọ̀ gba ẹ̀rí tí wọ́n rí lára igi kan kí á gbé e wọ igi mìíràn lọ́rùn. Àgbọn ní tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé irú ọ̀rá tí ń dì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọ̀rá inú rẹ̀. Òfio kì í ṣe èso igi rárá, ìdí koríko ni ó ti ń ta nínú ilẹ̀. Obì pẹ̀lú kì í ṣe oúnjẹ tí a ń jẹ yó. Ohun tí ó ń lé oorun lọ ni ó wà nínú rẹ̀.

Kí ó gba ipò ohun mìíràn

Ibí yìí gan-an ni gbọ́ngbọ́n ọ̀rọ̀ wà. Èso wọ̀nyí kì í ṣe ọkàn láǹfààní nípa pé a dà wọ́n lé orí gbogbo ohun tí a ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gba ipò ohun tí kò dára ni àǹfààní wọn máa ń hàn.

Ẹ jẹ́ kí á wo awakọ̀ kan tí ó dúró de èrò. Bí ó bá ra bọ́ọ̀sì dídín méjì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan, tí ó jẹ wọ́n tán, tí ó sì tún ra ẹ̀pà ìgò kan tì í nítorí ó gbọ́ pé ẹ̀pà dára fún ọkàn, kò ṣe ọkàn rẹ̀ ní oore kankan. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan, tí ó tó 30 gíráàmù, ní agbára tí ó tó kálórì 170. Bí ó bá ń fi èyí kún oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́ láìyọ nǹkan kan kúrò, ikùn ni yóò máa yọ, ara yóò sì máa wúwo, ara wíwúwo náà yóò sì padà wá di ẹrù fún ọkàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi bọ́ọ̀sì àti ẹlẹ́rìndòdò náà sílẹ̀, tí ó jẹ ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n, tí ó sì mu omi lé e, ó ti fi rere rọ́pò búburú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú oṣù àwẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀pà díẹ̀ rọ́pò díẹ̀ nínú ohun dídín tí ó fi ń ṣínu ti rí èrè lọ́nà méjì.

Ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́ ni ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá gbé ìgò sí iwájú tí ó ń dà á sọ́wọ́ kò ní mọ ìgbà tí ó tán. Ó sàn kí ó bù ú sọ́tọ̀ kí ó sì dé ìgò. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Ohun tí ó ń ba ẹ̀pà jẹ́

Ohun mẹ́ta ni ó lè sọ ọ̀rẹ́ ọkàn di ọ̀tá. Èkínní ni iyọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yan ẹ̀pà máa ń rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ kí ó lè dùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ lójúmọ́ má tó 5 gíráàmù, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú ọbẹ̀ àti nínú gbogbo oúnjẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí ó sì ń jẹ ẹ̀pà oníyọ̀ ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́lé, ó ń fi ọwọ́ òsì wó o. Ẹ̀pà sísè tí a kò fi iyọ̀ sí, tàbí èyí tí a yan láìsí iyọ̀, ni ó yẹ ẹ́.

Èkejì ni òróró dídín àti ṣúgà. Ẹ̀pà tí a fi ìyẹ̀fun àti ṣúgà bò tí a sì dín nínú òróró kì í tún ṣe ẹ̀pà tí àwọn onímọ̀ ń wí. Kulikuli, tí a ti fún òróró rẹ̀ kúrò kí á tó dín in, kì í ṣe ohun àìmọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n díẹ̀ ni kí ó jẹ́, kí iyọ̀ inú rẹ̀ sì kéré.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀pà tí ó ti bu. Ní 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí i pé oró kan wà nínú oúnjẹ ẹ̀pà tí wọ́n fi bọ́ wọn. Oró yìí, tí wọ́n sọ ní aflatoxin, a máa jáde láti ara ohun tí ń hù lórí ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Yíyan kò lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, ẹ̀pà tí ó bá ti yí àwọ̀ padà, tí ó hunjọ, tàbí tí ó korò lẹ́nu, ṣe ni kí á dà á nù. A kò gbọ̀dọ̀ ṣà á sọ́tọ̀ kí á fi ṣe kulikuli.

Oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn

Irú ọ̀rọ̀ kan wà tí a lè gbọ́ ní ọjà nígbàkígbà.

“Àlájì, ẹ fi àsálà yìí kún un. Bí ẹ bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ìfúnpá kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́.”

“Ṣé òótọ́ ni, ọmọ mi? Ó ti sú mi láti máa gbé oògùn mì láràárọ̀.”

Ọmọ tí ó ń tajà kò ní èrò búburú lọ́kàn, àgbàlagbà náà kò sì ṣẹ̀ pé oògùn sú u. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ewu wà. Kò sí ìkan nínú gbogbo ìwádìí tí a mẹ́nu bà tí ó sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi èso rọ́pò oògùn. Ẹni tí ó bá dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pé ó ń jẹ àsálà lè máa rò pé ara òun le, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ru sí i láìsọ fún un. Ọjọ́ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kan kò bá gbé mọ́, tí ẹnu sì wọ́, ẹpa lè má bóró mọ́. Ilé-Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin wà ní ọ̀nà Jẹ́bbà àtijọ́ náà, kò jìnnà sí ará Ṣàngó. Dókítà nìkan ni ó yẹ kí ó dín oògùn kù tàbí kí ó dá a dúró.

Àwọn kan sì wà tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra. Ara ẹlòmíràn kì í gba ẹ̀pà. Bí ó bá jẹ ẹ́, ètè rẹ̀ a wú, èémí rẹ̀ a sì ká. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ fi ẹnu kàn án rárá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọ̀dọ̀ jẹ odidi ẹ̀pà, nítorí pé ó lè há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa sì gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kí ó tó sọ èso wọ̀nyí di ohun àjẹjojúmọ́.

Ohun tí ó kù láti ṣe kò le, kò sì gba owó púpọ̀. Kí ènìyàn ra ẹ̀pà tí ó gbẹ, tí ó mọ́, tí kò níyọ̀. Kí ó jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́, kí ó sì yọ ohun dídín tàbí ohun aládùn kan kúrò nítorí rẹ̀. Kí ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí ohun tí ń dùn ún. Bí wọ́n bá ti fún un ní oògùn, kí ó máa lò ó déédéé, kí ó sì máa jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ.